Ìràwọ̀ Tó Sín, Ìràwọ̀ Tó Já

Nítorí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì ni àwọn ṣọ́jà ṣe mú ìyá mi. Ọ̀rọ̀ náà ni “já”. Èmi ni mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé tí ìyá mi fi ń ka ìràwọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì gún débi pé kò sẹ́ni tó rò pé ọmọdé ló ni ín. Ìyá mi sọ fún wọn pé òun ló kọ ọ́. Òru márùn-ún ló fi sùn ní àgọ́ wọn ní oríta Oórè, òru márùn-ún náà ni mi ò fi sọ òtítọ́ fún wọn.

Ojú ọ̀nà tó ti Oórè lọ sí Odigbó ni ilé wa wà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí páànù rẹ̀ ti ń pọ́n. Àwa mẹ́rin ni à ń gbé ibẹ̀: bàbá mi, tó ní oko kòkó kékeré kan ní Omifunfun, ìyá mi, èmi, àti ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Ìjọba ológun ló wà lórí oyè. Nǹkan wọ́n débi pé ọṣẹ, mílíìkì àti bátìrì rédíò di ohun tí àgbàlagbà ń tò fún nínú oòrùn bí ọmọ ilé ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, wọ́n ka orúkọ àwọn tí wọ́n dá dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́, orúkọ ìyá mi sì ni ìkẹta. Ọdún mẹ́tàlá ló ti fi ń tẹ wáyà, ìyẹn tẹlígíráàmù, níbẹ̀: ikú, ìgbéyàwó, “wá kíákíá”, “má wulẹ̀ wá mọ́”, gbogbo rẹ̀ ló gba abẹ́ ìka rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ lọ, orúkọ kò lọ. Ìyá Wáyà ni wọ́n ń pè é títí tó fi kú.

Títí di òní, etí mi ṣì mọ bí ohùn ṣe ń tẹ̀lé ara wọn nínú ọgbà ilé yẹn láàárọ̀. Ọkọ̀ agbégẹdú ló máa ń kọ́kọ́ jí mi, tí yóò máa yí jíà ní oríta, tí yóò máa kérora bí ẹni tí wọ́n di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ rù. Lẹ́yìn náà ni àkùkọ, tí ọkọ̀ ti ṣáájú. Lẹ́yìn àkùkọ ni ọ̀bẹ Ìyé, tí yóò máa ha èérún dúdú kúrò lára púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a ti rẹ, tí a fún, tí a mọ ní ribiti, tí a sì yan lórí àjà lókè iná. Hàrà, hàrà, hàrà. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́ tán ni rédíò ìyá mi yóò dá sí i, “ṣàààà”, bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé kòkó lọ́nà jíjìn. Kì í ṣe pé rédíò náà bàjẹ́ o. Ṣe ni ìyá mi mọ̀ọ́mọ̀ yí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan. Bàbá mi ti fi ọparun àti ọ̀pá bàbà ṣe éríà fún un sórí páànù, ó kọ ojú rẹ̀ sí àríwá. “Àwọn èèyàn ń wá ibi tí ohùn wà,” ìyá mi máa ń wí, “ibi tí kò sí ohùn ni mo dúró sí ní tèmi.”

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí, mi ò sì tíì gbọ́ àlàyé tó dára jù ú lọ láti ìgbà náà. Rédíò kan wà ní òkè ọya tó ń sọ̀rọ̀ ní ibi tí abẹ́rẹ́ wa dúró sí yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn, ohùn rẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ wa, òkè orí wa ló ń gbà kọjá lọ. Bí ìràwọ̀ bá wá já lójú òfuurufú, tó jó, iná rẹ̀ yóò fi ipa sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Ohùn rédíò náà yóò kọlu ipa yẹn, yóò ta padà sọ́dọ̀ wa bí bọ́ọ̀lù tó kọlu ògiri. Nínú ṣàààà yẹn, wàá ṣàdédé gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnì kan, tàbí orin bíńtín, tàbí “fíì” lásán. Ó ti lọ nìyẹn. “Ojú ń fẹ́ òkùnkùn, ó ń fẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́,” ó ní. “Etí kò bèèrè ìkankan nínú méjèèjì.” Nínú oṣù kẹfà, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run wa láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ìràwọ̀ kan ń já lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ, ojú ẹ̀dá kankan kò sì rí wọn. Ìyá mi ń gbọ́ wọn. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé àárọ̀ ni wọ́n ń pọ̀ jù. Ó ní ayé ń sáré bí mọ́tò, pé ní àárọ̀, àwa la wà níwájú. “Gíláàsì iwájú mọ́tò ni kòkòrò máa ń kọlù, Bọ́lá. Ìwọ ti rí èyí tó kọlu ti ẹ̀yìn rí?”

Ọjọ́ kìíní tí Ìyé gbọ́ ọ, ó gbé orí sókè lẹ́nu púpurú tó ń ha. “Ta ló sín níbẹ̀ yẹn?”

“Ìràwọ̀ ni, Ìyé.”

“Ẹ kí i pẹ̀lẹ́ nígbà náà. Ẹ kàn jókòó tì í, ẹ ń wò ó.”

Láti ọjọ́ yẹn, ìràwọ̀ kì í já mọ́ nínú ilé wa, ṣe ló máa ń sín. Bí rédíò bá ti dún, Ìyé yóò ní “Ó sín!”, èmi yóò ní “Pẹ̀lẹ́ o!”, ìyá mi yóò sì fa ìlà kan sínú ìwé lábẹ́ wákàtí tó bá jẹ́. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Ohun tí ilé wáyà fi kọ́ ọ kò kúrò lára rẹ̀. “Ohun tí o gbọ́ ni kí o kọ. Má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀.” Ó ní òun mọ akọ̀wé kan tó yọ “kò” kúrò nínú “Bàbá kò kú”, tí àwọn ọmọ bàbá náà sì gbé pósí wọ ilé wá bá a níbi tó ti ń jẹun. Ó kọ́ mi láti ya ìràwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára mànàmáná. Mànàmáná a máa fọ́ gbàràgàdà bí igi gbígbẹ, kò sì sí ohùn ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Nígbà tí bátìrì bá ń rẹ̀, tí kò sì sí oòrùn tí a lè sá a sí, orí àjà Ìyé là ń tò ó sí láàárín púpurú, kí ooru iná lè jí i díẹ̀. Bátìrì ilé wa ń rùn bí oúnjẹ.

Olùkọ́ kan ní yunifásítì ló ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́, kó tó di pé wọ́n dá ìyá mi dúró, pé òun ń wá àwọn tó ní sùúrù tí yóò bá òun ka àwọn ìràwọ̀ wọ̀nyí. Ní Oórè, ìyá mi nìkan ló dáhùn. Ní ìparí oṣù, yóò da àwọn ìlà rẹ̀ kọ sórí ìwé mìíràn, yóò fi ránṣẹ́. Olùkọ́ náà ló máa ń kọ ọjọ́ tí ìràwọ̀ yóò pọ̀ jù ránṣẹ́ sí i. Bàbá mi bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní: “Wọ́n ní ọwọ́ mi kò wúlò mọ́. Etí mi ńkọ́?”

Ọ̀wọ́n ìwé ló kó bá wa. Tísà wa ní kí a kọ àròkọ nípa iṣẹ́ tí ìyá wa ń ṣe. Ìwé mi ti tán, kò sì sí òmíràn ní ọjà, ni mo bá yí ìwé ìràwọ̀ sí ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ “sín”. Mo wá rántí pé tísà yìí kò fẹ́ràn èdè ilé. Gègé pupa rẹ̀ kì í fojú fo ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú ìwé kíkà. Mo fi rọ́bà pa “sín” rẹ́, mo kọ “já” rọ́pò rẹ̀. Mo ṣì mọ gbogbo rẹ̀ lórí: “Ìyá mi máa ń ka ìràwọ̀. Ní àárọ̀ òní, ìràwọ̀ mẹ́ta já. Ọ̀kan nínú wọn tóbi púpọ̀. Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, púpọ̀ sí i yóò já. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo wa kí a múra sílẹ̀, kí bàbá mi má lọ sí oko.” Mo rò pé àròkọ mi ni yóò gba ipò kìíní.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń gbé e lọ sí ilé ìwé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwọn ṣọ́jà ti gbé igi dí oríta. Àhesọ ń lọ nígboro pé àwọn ọ̀gá ológun kan ń dìtẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀gá ológun mìíràn, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé tí kò yé èèyàn lọ́wọ́, kó yáa sun ún. Ilé wa kò gbọ́ àhesọ yẹn, nítorí rédíò wa kì í dúró níbi tí ìròyìn wà. Ní oríta yẹn, ṣọ́jà kan da àpò ìwé mi sílẹ̀, ó mú ìwé náà. Níwájú, ìlà àti wákàtí, ojú ewé lórí ojú ewé. Lẹ́yìn, àròkọ mi. Ó pe sájẹ́ńtì, ọmọ Yorùbá tó mọ ìwé kà. Sájẹ́ńtì kà á, ó wo ojú mi, ó ní: “Máa lọ sí ilé ìwé.” Kò dá ìwé náà padà.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí iṣẹ́ ìròyìn ti kọ́ mi láti máa wá ẹlẹ́rìí kiri, mo rí sájẹ́ńtì yìí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń sin adìyẹ. Kò bínú pé mo wá, ó sì rántí ju bí mo ṣe rò lọ. “Ọ̀gá wa kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, òkè ọya ló ti wá,” ó ní. “Èmi ni mo ń túmọ̀ fún un. Mo ní, ‘Sà, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ìràwọ̀ mẹ́ta já.’ Mi ò tíì pa ẹnu dé tó fi gbé ọwọ́ lé èjìká ara rẹ̀. Kápútéènì ni, àbí? Ìràwọ̀ mélòó ló wà níbẹ̀? Mẹ́ta! Ó ní, ‘Àwa mélòó ni oníràwọ̀ mẹ́ta ní àgọ́ yìí?’ Mo ní, ‘Ẹ̀yin nìkan ni, sà.’ Ó ní, ‘Èyí tó tóbi púpọ̀ ńkọ́? Ta nìyẹn?’ Ọmọ mi, olórí ìjọba ni èmi náà rò. Ẹnu mi kò gbà á. Ọ̀gá sì ní orúkọ àṣírí ni ‘ìyá mi’ tó wà nínú rẹ̀, pé ọmọ ni wọ́n kàn ń fi gbé e kiri.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ká ní o kọ ‘sín’ ni, mà bá dá ìwé yẹn padà fún ọ lójú ẹsẹ̀.”

Àwọn ṣọ́jà dé ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà. Ìyá mi ń fún ẹ̀gẹ́, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Sájẹ́ńtì na ìwé sí i.

“Màmá, ta ló kọ èyí?”

Ìyá mi nu ọwọ́, ó gba ìwé, ó kà á. Mo rí i pé ó tún un kà láti òkè. Kò wo apá ibi tí mo wà rárá, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó mọ̀.

“Èmi ni.”

“Kí ni ẹ ní kí wọ́n múra sílẹ̀ fún?”

“Fún gbígbọ́.”

“Gbígbọ́ kí ni?”

“Ìràwọ̀.”

“Màmá, ẹ má fi mí ṣeré o. Ìràwọ̀ ń sọ̀rọ̀?”

Ìyé dá a lóhùn láti ìdí iná: “Kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn máa ń sín ni.”

Ṣọ́jà kan bú sẹ́rìn-ín. Sájẹ́ńtì wò ó, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. “Èyí tó wà lórí páànù yẹn ńkọ́?”

“Éríà ni,” ìyá mi ní. “Kò ní ẹnu. Etí nìkan ló ní.”

“Ẹ ó sọ ìyẹn fún ọ̀gá.”

Wọ́n ti yàrá tí rédíò wà, wọ́n fi àgádágodo tiwọn sí i, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ wọ jíìpù, ó yíjú padà. Mo rò pé yóò pè mí. Ohun tó sọ ni pé: “Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bátìrì wọ̀nyẹn tutù.”

Àwọn èèyàn níbòmíràn máa ń fi ìlú wa ṣe àwàdà. Bí nǹkan bá le, wọn á ní “Ó le kú, ìjà Oórè.” Nínú ilé wa, kì í ṣe àwàdà. Ìyé wà níbẹ̀ nígbà tí ogun abẹ́lé dé oríta. Ó sá wọ inú igbó pẹ̀lú bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì mọ bí ẹsẹ̀ bàtà ṣọ́jà ṣe ń dún lórí ewé gbígbẹ. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, kò sí púpurú tó ń lé sórí iná tí kì í dá ọwọ́ dúró láàárín, kó tẹ́tí sí ọ̀nà. Bí jíìpù bá kọjá, òun àti èmi yóò di èémí mú títí ohùn rẹ̀ yóò fi wọlé sí ọ̀nà Odigbó. Nídìí ẹ̀rọ omi, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé wáyà orí páànù yẹn ni Ìyá Wáyà fi ń wo ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, tó wà nínú ilẹ̀ ní Àgbábù, pé ó fẹ́ tà á fún òyìnbó. Èkejì ní: “Ọ̀dà tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń wí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí kò rí wà? Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà bá wa wà á kẹ̀!” Wọ́n rí mi, wọ́n gbé omi wọn rù, wọ́n lọ.

Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́. Ìròyìn kan náà ló ń mú bọ̀: “Wọ́n gba oúnjẹ. Wọn kò sọ nǹkan kan.” Abọ́ ọjọ́ kìíní padà ní òfìfo, ọkàn wa kò sì balẹ̀, nítorí ta ló lè mọ ẹni tó jẹ ẹ́? Ní ọjọ́ kejì, Ìyé se ọbẹ̀ marúgbó, ó sì fi odindi ẹja kan sí i. Nígbà tí abọ́ padà dé, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ gbì. Orí ẹja ló kù síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìyá mi kì í jẹ orí ẹja, èmi ló máa ń fi í sílẹ̀ fún. “Òun ló jẹ ẹ́,” Ìyé ní. “Ó wà láàyè. Bọ́lá, gba tìrẹ.” Mo gbé e sẹ́nu. Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú orí ẹja lọ́wọ́.

Ìyé kò nà mí. Ó kàn bi mí pé: “Kí ló dé tí o kò kọ ‘sín’?”

“Tísà ní kì í ṣe Yorùbá tó dáa.”

“Tísà rẹ ti gbọ́ ìràwọ̀ rí?”

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá wí pé: “Bí a bá sọ ọ́, a jẹ́ pé ìyá rẹ purọ́ fún ìjọba. Bí a kò bá sọ ọ́, a jẹ́ pé ọ̀tẹ̀ ló kọ. Èwo ló kéré nínú méjèèjì?” Ó wọlé, ó tú àpótí ìyá mi títí ó fi rí lẹ́tà olùkọ́ yunifásítì náà, ó ká a sínú fìlà rẹ̀. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo gbọ́. Mo ti dàgbà ju bó ṣe dàgbà nígbà náà lọ báyìí, mi ò sì tíì mọ èwo ló kéré.

Ọjọ́rú dé. Òjò winniwinni ń rọ̀. Oòrùn ti yọ níbi tí a kò ti lè rí i nígbà tí jíìpù wọ ọgbà wa. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìró kan náà tó ró lọ, ó ti rù, irun rẹ̀ ti tú. Mo fẹ́ sáré sí i, Ìyé di aṣọ mi mú. Kápútéènì jẹ́ ọkùnrin gíga, kò pariwo. Ó jókòó lórí àga bàbá mi, ojú mi sì lọ sí èjìká rẹ̀. Mẹ́ta ni lóòótọ́. Sájẹ́ńtì ní: “Ọ̀gá ní Ọjọ́rú tí ẹ kọ sínú ìwé ti dé. Ó ní ohun tó bá fẹ́ já, kó já lójú òun.”

Wọ́n ṣí yàrá. Rédíò wà níbẹ̀, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Ìwo ojú sájẹ́ńtì yí padà. Ìyé bá na ọwọ́ sórí àjà, ó kó bátìrì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá, wọ́n gbóná, èéfín ti pa wọ́n ní àwọ̀ dà. Kápútéènì gbé ọ̀kan sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà láìsọ̀rọ̀. Ìyá mi tò wọ́n sínú rédíò. Ṣàààà. Ohùn náà lọ sílẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ. Mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ kó tó kú.

Àwa mẹ́jọ ló wà nínú ọgbà, kò sẹ́ni tó mira. Rédíò náà ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sùn lọ. Kápútéènì wo aago. Ó tún wò ó. Lójijì, rédíò fọ́ gbàràgàdà, ṣọ́jà kan fò sókè. Sájẹ́ńtì ní: “Òun nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” nìkan ló kù kí ìyá mi sọ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. “Rárá,” ó ní. “Mànàmáná ni.” Bàbá mi sọ fún mi kó tó kú pé: “Ká ní èmi ni, mà bá ní òun ni. Mo bínú sí ìyá rẹ ní ìṣẹ́jú yẹn ju bí mo ṣe bínú sí àwọn ṣọ́jà lọ.”

A tún dúró. Ṣàààà náà ti di èémí lásán. Ìyá mi fi etí lé rédíò, ó di ojú. Nígbà náà ni ohùn ọkùnrin kan jáde, ó mọ́ gaara bí ẹni tó jókòó láàárín wa, ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ní èdè Haúsá, ó sì lọ.

“Ó sín!” Ìyé ké.

“Pẹ̀lẹ́ o!” Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Mo gbọ́ tí ohùn mìíràn bá mi sọ ọ́, ohùn ṣọ́jà tó fò lẹ́ẹ̀kan.

Kápútéènì ti dìde dúró. Èdè rẹ̀ ni. Sájẹ́ńtì sọ fún mi níbi adìyẹ rẹ̀ pé ọkùnrin inú rédíò náà ń kí àwọn àgbẹ̀ kú òjò ni, ọ̀gá rẹ̀ kò sì tíì gbọ́ irú ìkíni yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá sí Oórè. Ẹ̀mí mi fò sókè. Mo rò pé ó ti parí. Àṣé a ti dá kún un ni. Kápútéènì sọ̀rọ̀ pẹ́, sájẹ́ńtì sì túmọ̀ rẹ̀: “Ọ̀gá ní òun gbà pé ẹ̀ ń gbọ́ òkè ọya. Ó ní ta ló ń fi í ránṣẹ́ sí yín? Ó ní bárékè ṣọ́jà tó wà níbẹ̀ pọ̀.”

Bàbá mi yọ lẹ́tà láti inú fìlà. Kápútéènì kà á tán, ó ká a padà. “Yunifásítì,” sájẹ́ńtì túmọ̀, “yunifásítì gan-an ni ìṣòro tí a ní.” Wọ́n tú ẹ̀yìn rédíò, wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. Kò sí ẹnu níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kápútéènì ṣí ìwé, ó sì fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ mi. Já. Múra sílẹ̀. Mo rí i tí ṣọ́jà kan mú ìyá mi ní apá, láti dá a padà sínú jíìpù. Ìyé ṣì di aṣọ mi mú. Mo fa ara mi yọ lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ náà ya.

“Èmi ni mo kọ ọ́! Àròkọ ni!”

Wọ́n fún mi ní pẹ́ńsù. Lẹ́tà mi ṣì gún. Mo kọ “Ìràwọ̀ kan sín.” Sájẹ́ńtì gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó yíjú sí ìyá mi, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. “Màmá, irọ́ ni ẹ pa fún ìjọba.”

“Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi kọ ohun tí mo gbọ́, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀,” ìyá mi ní. “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni mo fi kún un.”

Kápútéènì béèrè ohun tó wí, wọ́n sọ fún un. Ó wò mí. Ó gbé ọwọ́ sí èjìká, bí ẹni tó fẹ́ gbọn erùpẹ̀ dànù, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ti béèrè ìwé ìràwọ̀ náà ní ọ́fíìsì méjì láti ìgbà tí mo ti di oníròyìn. Wọ́n ní kò sí nínú àkọsílẹ̀ wọn. Nítorí náà, ohun tí mo ní kò ju àṣẹ tí wọ́n pa nínú ọgbà wa ní òwúrọ̀ yẹn lọ, bí sájẹ́ńtì ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìyá mi dúró láàárín èmi àti Ìyé, tí bàbá mi ti ń gun òrùlé lọ láti tú éríà:

“Ọ̀gá ní màmá lè sùn sílé. Kó má kọjá Odigbó, kó sì wá fojú hàn ní oríta lọ́jọọjọ́ Ajé. Rédíò, lẹ́tà àti ìwé ń lọ sí Akúrẹ́. Bí wọ́n bá kà á tán níbẹ̀, wọn yóò ránṣẹ́. Kí wọ́n tó ránṣẹ́, ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí kò gbọdọ̀ ka ìràwọ̀ kankan, ì báà jẹ́ èyí tó já, ì báà jẹ́ èyí tó sín.”